Bátìrì Tí Ọba Ọ̀nà Yàn

Àárọ̀ ọjọ́ náà dára. Obìnrin aránṣọ kan ti gbá inú ọkọ̀ mọ́ tónítóní, ó ti tẹ́ aṣọ tuntun sórí ibùsùn, ìyá rẹ̀ sì ti wọ bàtà jókòó láti ìdájí bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ mú lọ síbi àríyá. Ọ̀dọ̀ àbúrò Màmá ni wọ́n ń lọ, ẹni tí Màmá kò fojú kàn láti ìgbà tí irun orí àwọn méjèèjì ṣì dúdú. Ọ̀nà náà jìn, ẹ̀yìn tó ń dun Màmá kò sì jẹ́ kó lè jókòó pẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ra ọkọ̀-ilé àlòkù kan, ọkọ̀ gbọọrọ tó ní ibùsùn, ibi ìdáná àti fíríìjì kékeré nínú. Màmá ní àtọ̀gbẹ. Inú fíríìjì yẹn ni ínsúlíìnì tí wọ́n ń gún fún un lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ máa wà.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí wọn kò tíì rà, bátìrì. Ọkọ̀-ilé máa ń ní bátìrì oríṣi méjì. Ọ̀kan wà fún ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ lè jí. Àwọn yòókù wà fún ilé: àwọn ló ń gbé iná, fáànù àti fíríìjì nígbà tí ọkọ̀ bá dúró tí wọ́n sì ti pa ẹ́ńjìnnì. Méjì ni ti ilé, ọjọ́ sì ti lọ lórí wọn.

Ọkọ aránṣọ yìí, ọkọ̀ akẹ́rù ló fi gbogbo ayé rẹ̀ wà. Ọba Ọ̀nà ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, orúkọ náà sì wọ̀ ọ́ lára débi pé bí ẹ bá pe èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ó lè má dáhùn. Èèyàn dáadáa ni o. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má bàa rò pé mo kórìíra rẹ̀. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ ọkọ̀, etí rẹ̀ di pátápátá.

Nígbà tí tọkọtaya náà dé ṣọ́ọ̀bù, obìnrin tó ń ta bátìrì béèrè pé, "Kí lẹ fẹ́ kó máa gbé, sà?"

"Fíríìjì, iná, fáànù."

"Wákàtí mélòó ni yóò fi máa gbé wọn kí ẹ tó tún tan ẹ́ńjìnnì?"

Ọba Ọ̀nà bú sẹ́rìn-ín. "Madam, èmi lẹ ń bi léèrè ọ̀rọ̀ bátìrì? Ẹ sáà gbé wọn síta kí n dán wọn wò."

Ṣé ẹ mọ bí àwọn awakọ̀ àtijọ́ ṣe ń dán bátìrì wò? Sípánà ni wọ́n fi ń kan orí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá ta iná jù, òun ni wọ́n gbà pé ó lágbára jù. Ìwà wèrè ni, bátìrì lè bú gbàmù mọ́ èèyàn lójú. Ṣùgbọ́n bí Ọba Ọ̀nà ṣe kọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀kan ta iná pàrà! Ìkejì kò ta tó bẹ́ẹ̀.

"Èyí ni!" ló wí, ó gbá orí èyí tó ta iná.

Obìnrin náà mi orí. "Sà, ti ẹ́ńjìnnì nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń tú agbára rẹ̀ jáde kí ọkọ̀ lè jí, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Òjé inú rẹ̀ fẹ́lẹ́. Bí ẹ bá ní kó máa gbé fíríìjì láti àárọ̀ di alẹ́, yóò kú mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tí ẹ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ yìí, òjé inú rẹ̀ nípọn, díẹ̀díẹ̀ ló ń tú tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ lè lò ó kó rẹlẹ̀ kí ẹ sì tún gba iná sí i lójoojúmọ́. Òun ni ti ilé. Bó tilẹ̀ jẹ́ òun lẹ rà, ẹ má lò ó kọjá ìdajì kí ẹ tó gba iná sí i."

"Ẹ fún mi ní ọ̀kan nínú èyí tí mo yàn. Ọ̀kan nínú ti àtijọ́ ṣì gbọ́ràn, màá so ó mọ́ ọn."

"Háà! Ẹ má so ògbólógbòó mọ́ tuntun, sà. Ògbólógbòó á fa tuntun lulẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń pààrọ̀ wọn."

Ìyàwó rẹ̀ dá sí i. "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn. Oògùn Màmá ló wà nínú fíríìjì yẹn."

"Ìyàwó, ṣé mo máa ń dá sí i tí o bá ń gé aṣọ?"

Aránṣọ dákẹ́. Ó dùn ún, ó sì tì í lójú níwájú ẹni tí kò mọ̀ rí.

Ọba Ọ̀nà ra èyí tó yàn, ó so ó mọ́ ògbólógbòó kan, wọ́n sì gbéra. Oòrùn mú gan-an lásìkò yẹn, nítorí náà àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni Ọba Ọ̀nà ń wakọ̀. Tó bá di ọ̀sán, á dúró, á pa ẹ́ńjìnnì, wọn á sì lọ jókòó sábẹ́ igi. Ọkọ̀ á wà nínú oòrùn pẹ̀lú ilẹ̀kùn rẹ̀ ní títì, inú rẹ̀ á gbóná bíi ti ilé búrẹ́dì. Kò ní pẹ́ tí bátìrì á rẹ̀, fíríìjì á kú. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ máa lọ, Ọba Ọ̀nà á tan ẹ́ńjìnnì, fíríìjì á jí padà. Tí ìyàwó rẹ̀ bá wá ṣí i nírọ̀lẹ́ láti mú oògùn, iná á tàn, ọwọ́ rẹ̀ á kan ohun tútù. Ta ló fẹ́ fura?

Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi. "Òùngbẹ yìí mà kọ̀ kò tán o," ló ń wí. Gbogbo ibi tí wọ́n bá dé ló ń fẹ́ tọ̀.

Ọba Ọ̀nà fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Màmá, ọkọ̀ wa ò mu epo tó bí ẹ ṣe ń mu omi o!"

Màmá rẹ́rìn-ín títí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ó ń mí gúlegúle, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò sì já geere mọ́. Wọ́n gbé e sáré lọ sí ọsibítù.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó kojú sí aránṣọ. "Ṣé ẹ ti dá ínsúlíìnì wọn dúró ni?"

"Rárá o! Mi ò fo ọjọ́ kan ṣoṣo!"

"Níbo lẹ ń tọ́jú rẹ̀ sí?"

"Inú fíríìjì ọkọ̀."

"Fíríìjì yẹn, ṣé kì í kú tí ẹ bá dúró?"

Ó yíjú wo ọkọ rẹ̀.

Dókítà ní, "Ooru líle máa ń ba ínsúlíìnì jẹ́, ó sì lè má hàn lójú rárá. Ẹ ń gún abẹ́rẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn inú rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ṣúgà ti ga jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Òùngbẹ yẹn ló yẹ kó gbé yín wá."

Ọba Ọ̀nà jáde lọ sínú ọkọ̀ nínú ọgbà ọsibítù. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ṣí fíríìjì, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń wo gílóòbù kékeré inú rẹ̀. Gílóòbù náà pọ́n, ó wá ń ṣẹ́jú, ó kú. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ojú, ó sì sunkún kíkan.

Màmá kò dé ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ló wá bá a, òkú ló sì bá.

Àwọn tó wá kí wọn ń sọ èyí tí gbogbo wa máa ń sọ. "Ọjọ́ ló pé. Ẹ gbà fún Ọlọ́run."

Aránṣọ gbé orí sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ sí mi létí mọ́. Ọjọ́ kankan kò pé. Wọ́n kìlọ̀ fún wa ni a kò gbọ́. Èmi tí mo gbọ́, mo dákẹ́."

Àbúrò Màmá wá kojú sí Ọba Ọ̀nà. "Kí ló pa ẹ̀gbọ́n mi?"

Ó kúnlẹ̀. "Èmi ni, mà. Obìnrin tó ń ta bátìrì ṣàlàyé, ìyàwó mi bẹ̀ mí, mo ní mo mọ̀ ọ́n ṣe."

Ìyá àgbà náà wò ó títí. Kò bú u, kò sì ní kó dìde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ dákun, ẹ má kàn gbọ́ ẹjọ́ Ọba Ọ̀nà kí ẹ wá lọ sùn. Bí ẹ bá fẹ́ ra bátìrì ilé, ìbáà jẹ́ fún ọkọ̀-ilé tàbí fún yàrá yín, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tó máa gbé àti iye wákàtí tó máa fi gbé e. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé ti ilé lẹ fẹ́, kì í ṣe ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn pọ̀, kí wọ́n jẹ́ oríṣi kan náà, kí ẹ sì béèrè bóyá ṣájà tó wà nílẹ̀ bá wọn mu. Tí aláìsàn àtọ̀gbẹ bá ń mu omi tí òùngbẹ kò tán, ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Tí oògùn ẹnikẹ́ni bá sì wà nínú fíríìjì yín, ẹ pa ẹ́ńjìnnì lónìí, kí ẹ jókòó tì í, kí ẹ wo bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó kú. Ẹ ṣe é nígbà tí ẹni tó ni oògùn náà ṣì ń bá yín rẹ́rìn-ín.