Ìlà Tí Ọwọ́yá Kò Kọ

Ọ̀gá tẹ bọ́tìnì náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ìdáhùn kan náà ló jáde lójú kọ̀ǹpútà: ẹ̀rọ ilé ìwòsàn àti ẹ̀rọ láàbù ti kí ara wọn, ṣùgbọ́n òfin wọn kò bára mu.

Ọ̀gá fa ìwé àkọsílẹ̀ tí wọ́n fi okùn so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Ó fi ìka tọ ìlà àná: déètì nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí àyípadà kankan.

"Ìwé tiwa mọ́. Àbí o fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí lánàá, Ọwọ́yá?"

"Rárá o, mà."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu ọmọbìnrin náà kó tó rò ó.

Láàbù wà ní òdìkejì odò. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń gba ọ̀nà kan wá síbí, ní dídì bí ẹrù, kí ojú àjèjì má bàa rí i. IPsec ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè é. Kọ̀ǹpútà méjì tó ń lo ètò Linux ló ń ṣọ́ ọ̀nà náà, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Bí òfin ọwọ́ wọn kò bá dọ́gba, ọ̀nà kò ní là. Nítorí náà, inú ìwé yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí kí wọ́n tó yí ohunkóhun.

Nírọ̀lẹ́ àná, Ọwọ́yá yí nọ́ńbà kan nínú òfin ẹ̀rọ tibí, kí kọ̀ǹpútà tó fi ń kọ́ṣẹ́ lè ráyè gba ọ̀nà náà. Kò rí ìyàtọ̀ kankan, ó bá lọ sílé. Kò mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá pa ẹ̀rọ tí wọ́n sì tún un tàn ni àyípadà náà máa mú. Òwúrọ̀ òní ni wọ́n tún un tàn.

Fún wákàtí méjì, òdìkejì odò ni wọ́n ń wá àṣìṣe sí. Nọ́ọ̀sì yọjú.

"Ẹ jọ̀ọ́, èsì ìyá yẹn dà? Ó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì láti àárọ̀. Dókítà ò ní ṣiṣẹ́ abẹ láìrí i."

"Ẹ ò lè gbà á lórí fóònù?" ni ọ̀gá béèrè.

"Fóònù kẹ̀? Nọ́ńbà kan péré téèyàn bá ṣì kọ, ó parí nìyẹn!"

Ó lọ. Ohùn Bàbá Láàbù, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ òdìkejì, ń jáde láti inú fóònù orí tábìlì.

"Ọmọ mi, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan."

"Bàbá, ìwé wa kì í parọ́," ni ọ̀gá wí.

"Ó dáa. Bóyá arúgbó ló ń gbàgbé. Màá pa gbogbo òfin tibí rẹ́, kí n tún un kọ. Á dìrọ̀lẹ́ o."

Olójúmẹ́rin, akẹ́kọ̀ọ́ onígíláàsì tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́, fi ìgbọ̀nwọ́ gbún Ọwọ́yá. Ó wà níbẹ̀ lánàá nígbà tí Ọwọ́yá yí nọ́ńbà náà.

"Dákẹ́ o," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Oṣù méjì ló kù ká gbàwé ẹ̀rí. Bàbá ti dàgbà, ìtìjú ò lè pa á mọ́."

Ọwọ́yá ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń tẹ bọ́tìnì lọ́hùn-ún: kó, kó, kó.

"Bàbá, ẹ dúró!" Ọwọ́yá sún mọ́ fóònù. "Èmi ni. Mo yí nọ́ńbà kan lánàá. Mi ò kọ ọ́."

Kó-kó náà dáwọ́ dúró. Olójúmẹ́rin bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó ń nù ú.

"Nọ́ńbà wo?" ni ọ̀gá béèrè. Kò pariwo.

Ó fi hàn án. Ọ̀gá dá a padà, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn, ọ̀nà náà sì là. Èsì wọlé. Nọ́ọ̀sì gbà á, ó sáré. Ìyá náà pẹ́ kó tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ó jáde láàyè.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ni Ọwọ́yá wí.

"Irọ́ a máa tanná, ọmọ mi. Kì í so èso."

Ọ̀gá na ọwọ́. Ọwọ́yá kó kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lé e. Ìwé ẹ̀rí rẹ̀ di ti ọdún tó ń bọ̀.

"Àtúnṣe àṣìṣe rẹ gba ìṣẹ́jú mẹ́rin," ni ọ̀gá wí. "Irọ́ rẹ gba wákàtí méjì. Ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́, kékeré ni ó máa tún ṣe."

Ọwọ́yá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìlà tòní. Ó fẹ́ kọ tàná náà, ọ̀gá di ọwọ́ rẹ̀ mú: "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a lè máa rí i."

Ìlà àná ṣì wà nínú ìwé, déètì nìkan ló wà níbẹ̀.