Ojú Tí Ọmọ Kò Mọ̀

Pyo Geum-ran ni ọ̀gá àwọn ọmọbìnrin tó ń ta ohun ìṣaralóge ní ilé ìtajà ńlá kan ní Daegu, ìlú kan ní Korea. Láràárọ̀ ni í tò wọ́n sórí ìlà, tí í fi ìka ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí àtíkè rẹ̀ kò bá nípọn tó, ó wọ gàù.

"Ta ni yóò ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó jọ ìrẹsì àná?" ló sọ fún ọmọ kan tí irorẹ́ bò lójú. "Kọjá sílé!"

Ojú ọmọ ènìyàn ló ń yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń yẹ ẹja wò lọ́jà! Ó rí mi lára.

Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ogún ọdún ló fi ń jí kun ojú kí ọkọ rẹ̀ tó lajú. Awọ abẹ́ àtíkè ti di egbò, ó ń ṣomi, ó ń rùn, síbẹ̀ ó ń kùn ún mọ́ ọn. Ọkọ kò rí ojú rẹ̀ gan-an rí. Ọmọ kò rí i rí.

Nígbà tí Ye-rim, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì tán, ẹ̀bùn tí ìyá fún un ni pé kí dókítà la ìpéǹpéjú rẹ̀, kí ojú rẹ̀ lè tóbi. Bí ẹni ra bàtà fọ́mọ ni wọ́n ń ṣe é níbẹ̀.

"Màámi, ojú mi ò dùn mí o."

"Ta ló bi ọ́ bóyá ó ń dùn ọ́? Ta ni yóò gbà ọ́ síṣẹ́ pẹ̀lú ojú tín-ín-rín yẹn? Ta ni yóò fẹ́ ọ?"

Wọ́n la ojú náà. Ní ọjọ́ kẹta ó wú, ọyún ń dà níbẹ̀. Dókítà ní ojú òsì lè fọ́.

Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kí Geum-ran sún mọ́ egbò náà pẹ̀lú àtíkè. "Ẹ lọ bọ́jú ná, ìyá." Geum-ran lọ bọ́ ọ. Omi tó dà sínú bàsíà ki, ó ń rùn. Geum-ran bì.

Ó wá lọ dúró ti ọmọ rẹ̀. Ye-rim la ojú kan tó kù, ó fà sẹ́yìn.

"Ta nìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe màámi."

Gil-sun, àgbà obìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé ìtajà, ló bá Geum-ran lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà níbi tó sá jáde lóṣòó sí, tó fi aṣọ ìnura bojú. Àdúrà òwúrọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ti ń bọ̀, ó gbé ògì ìrẹsì dání fún aláìsàn.

"Ọ̀gá, ẹ ṣíjú."

"Ìyá, ẹ má wò mí. Ìríra ni mí."

"Mo ti rí ìríra tó ju èyí lọ. Ọjọ́ tí ẹ lé ọmọ olírorẹ́ yẹn, inú yín ni mo rí. Ibẹ̀ ló ń rùn. Omi bàsíà ò lè débẹ̀, ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ni. Ó rí gbogbo rẹ̀, kò sì gbójú kúrò."

Geum-ran kúnlẹ̀ níbẹ̀. "Jésù, ojú mi rèé. Inú mi rèé. Ojú ayé ni mo fi ọmọ mi rúbọ fún. Gbà mí."

Ó wọlé tọ ọmọ náà lọ. "Èmi nìyí, Ye-rim. Màámi rẹ nìyí. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Ọmọ náà fọwọ́ kan egbò ojú ìyá rẹ̀ títí. "Màámi, ṣé ó ń dùn yín?"

N kò ní purọ́ fún ọ: ojú òsì ọmọ náà kò ríran dáadáa títí dòní. Geum-ran padà síbi iṣẹ́ láìkun nǹkan kan, ó pe ọmọ olírorẹ́ tó lé padà, ó bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn, àwọn aláṣẹ ilé ìtajà sì dá Geum-ran dúró lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ojú tí kò kùn. Kò kábàámọ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí ńkọ́? Bóyá o kò kun àtíkè rí. Ìwọ baba tó ń sọ fọ́mọ rẹ pé kò lẹ́wà tó, ìwọ ọkọ tó ń fi ìyàwó rẹ wé ti ẹlòmíì, ìwọ tó mọ́ lóde tí inú rẹ ń rùn, ta lò ń tàn? Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, lónìí. Jẹ́ kí Jésù wẹ̀ ọ́, kí ọjọ́ náà má baà dé tí Ẹni tó dá ọ yóò wojú rẹ, tí yóò sì béèrè pé, "Ta nìyẹn?"