Kànga Ò Jóná, Panápaná Ló Gbà Wọ́n

Òwúrọ̀ Sátidé ni. Aṣọ fífọ̀ ti kún orí okùn lẹ́yìnkùlé, Bàbá Panápaná sì ń mu tíì lójú fèrèsé. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ iná pípa, ṣùgbọ́n orúkọ náà ò bá a fẹ̀yìn tì.

Agbẹ́kànga kan àti àbúrò rẹ̀ ń kó ẹrẹ̀ kànga ilé náà. Kí iṣẹ́ lè yá, wọ́n sọ ẹ̀rọ ìfami tó ń lo bẹntiróòlù kalẹ̀ sínú kànga, wọ́n sì tàn án níbẹ̀. Nígbà tí omi gbẹ, wọ́n pa á, ẹ̀gbọ́n sì wọ inú kànga.

Kò pẹ́ tí ohùn rẹ̀ fi dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n mi!" Àbúrò ti gbé ẹsẹ̀ kan wọ kànga kí Bàbá tó sáré dé, tó sì di aṣọ rẹ̀ mú gírígírí.

"O ò ní wọ ibẹ̀! Èéfín ẹ̀rọ yín ló kún ibẹ̀."

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀! Ọmọ ìyá mi ni!"

"Mo mọ̀. Tóo bá wọ ibẹ̀, òkú méjì la ó gbé." Ó kọjú sí ìyá kan tó ń fọṣọ nítòsí. "Tètè pe panápaná!"

"Panápaná kẹ̀? Iná wo ló ń jó?"

Ojú ti Bàbá díẹ̀. Bí òun náà ṣe máa ń fi ọmọbìnrin rẹ̀ tó jogún iṣẹ́ náà ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn: "Ẹ̀ ń gé mọ́tò yọ èèyàn, ẹ̀ ń wọ odò, ìgbà wo lẹ wá ń paná?"

"Iṣẹ́ wọn ti kọjá iná," ó ní. "Sọ pé èèyàn dákú sínú kànga, kóo sì júwe ilé dáadáa."

Nígbà tí ọkọ̀ pupa dé, ọmọbìnrin Bàbá ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Kò ráyè kí baba rẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré kan wọn afẹ́fẹ́ inú kànga, ó ké gooro pé afẹ́fẹ́ olóró wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbé ìgò afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, ó bo imú bo ẹnu, wọ́n sì fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Bàbá ti wọ ilé tó ń jó rí láìwẹ̀yìn. Lọ́jọ́ yìí, ó bá wọn di okùn ọmọ rẹ̀ mú, kò gbójú kúrò lẹ́nu kànga.

"Ẹ fà!" ni ohùn ọmọ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Wọ́n fà á. Agbẹ́kànga jáde, ọmọbìnrin náà tẹ̀lé e, wọ́n fún agbẹ́kànga ní afẹ́fẹ́, ó wúkọ́, ó lajú. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ kẹrin, ó ti wálé.

Lọ́jọ́ náà, àbúrò wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá. "Bàbá, ta ni ọ̀gá tó wọ kànga yẹn?"

"Ọmọ mi ni," Bàbá dáhùn, orí rẹ̀ wú. "Ó sì ti mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ."

Ẹ̀yin ará wa, panápaná òde òní kì í ṣe ti iná nìkan. Bí èèyàn bá há sínú mọ́tò, bí ilé bá wó, bí omi bá ya wọlé, tiwọn ni. Ẹ fi nọ́ńbà wọn síbi tí gbogbo ilé ti lè rí i. Ẹ má tan ẹ̀rọ elépo nínú kànga láéláé, torí atẹ́gùn tó ń pani nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kì í sì í tètè lọ. Bí ẹnìkan bá sì dákú síbẹ̀, ẹ má tẹ̀lé e wọ ibẹ̀, bó ti wù kẹ́ ẹ fẹ́ràn rẹ̀ tó. Ìfẹ́ ò ṣeé mí símú nísàlẹ̀ kànga.