Tule, Ọ̀rọ̀ Ará Finland

Èjìká ọkùnrin tí kò mọ̀ rí ni Adétóun sùn lé nínú bọ́ọ̀sì. Iṣẹ́ òru ló ti ń bọ̀ láti Manhattan, níbi tó ti ń tọ́jú arúgbó kan. Nígbà tó fi máa ta jí, wọ́n ti dé Co-op City ní Bronx níbi tó ń gbé, gbogbo èrò yòókù ti sọ̀kalẹ̀ tán.

"Yéè, mo gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sà."

"Kò sí wàhálà," ọkùnrin náà fi Yorùbá dá a lóhùn. "Mo ti kọjá ibi tí mo ń lọ tipẹ́. Oorun yín ló dùn, mi ò lè jí yín."

Kànmí lorúkọ ẹ̀. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Adétóun àti ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbé lókè ilé gogoro kan. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọwọ́ ọ̀tún ìyá, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Abilékọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wá di ẹni tó ń fi ojú sọ̀rọ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa tún ọ̀rọ̀ pè sí i létí, pé bó pẹ́ bó yá, yóò mú ọ̀kan.

Físà Kànmí ń tán lọ nígbà tí ilé ìwé gíga kan ní Finland gbà á síṣẹ́.

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká ṣègbéyàwó ká jọ lọ," ló wí.

Ìyá Kànmí pè láti Ìjẹ̀bú, ó ní ìyàwó tí kò bá tẹ̀lé ọkọ, àlejò ni. Àǹtí Yéjídé, àbúrò ìyá Adétóun ní Queens Village, ní òun yóò mú ẹ̀gbọ́n òun sọ́dọ̀. Ẹnu gbogbo wọn kò. Adétóun náà gbà, àmọ́ ọkàn rẹ̀ ò kúrò lára ìyá rẹ̀.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Finland nídìí tábìlì oúnjẹ, ìyá jókòó tì wọ́n.

"Èwo la ó kọ́kọ́ kọ́?" Adétóun bèèrè.

"Èyí tí wọ́n ń sọ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni 'wá'. Tule ni wọ́n ń pè é. Minä tulen, mo ń bọ̀."

"Minä tulen."

"O ń pè é bí ẹni tó ki iṣu gbígbóná sẹ́nu."

"Ìwọ náà pè é ká gbọ́, ará Finland."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Adétóun ń fọ abọ́, tule ni. Ó ń fún ìyá ní ògì, tule ni.

Ibi tí wọ́n fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n ń di ẹrù, wọ́n gbọ́ ohùn kan ní pálọ̀, ohùn tí Adétóun ti fi ààwẹ̀ àti àdúrà tọrọ.

"Tule."

Ìyá na ọwọ́ òsì sí ọmọ rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀. "Tule, Tóun."

Adétóun kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú, ó ń sunkún ayọ̀. Ìgbà tó gbójú sókè tó rí Kànmí ni ayọ̀ náà kú.

"Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ẹ kí o lè tẹ̀lé mi ni Mọ́mì fi ń pè ẹ́ yẹn," ni Kànmí wí. "Ọkàn mi ò gbà á mọ́, Tóun. Mi ò lè mú ẹ lọ."

"Ṣé wàá dúró dè mí?"

Bí Kànmí bá ní òun yóò dúró dè é, ikú ìyá ni wọn yóò jọ máa retí. Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n, ẹnìkan kò lè fi ẹnu sọ ọ́.

Lọ́jọ́ tí Kànmí ń lọ, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá. "Ó dàbọ̀, mà. Ara yín á yá." Ó di Adétóun mọ́ra, ó sì bá lífítì sọ̀kalẹ̀.

Adétóun padà wá jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ìyá rẹ̀. Ìyá fi ọwọ́ òsì tì í léjìká sí ọ̀nà ilẹ̀kùn, pé kó tẹ̀lé Kànmí. Adétóun kò dìde. Ìyá tún tì í, ó ń tì í, títí ọwọ́ náà fi rẹ̀ ẹ́ tó sì dúró sórí ọmọ rẹ̀.