Ìlà Iná-Lọ

Orí Adéníjì ti fọ́ yángá. Ó dojú bolẹ̀ nínú omi iyọ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ti sọ omi náà di pupa dé ẹnu ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ báńkì ni, láti Ìbàdàn ni wọ́n ti gbé e wá sí Onitsha. Ilé rẹ̀ ní Omagba ló kú sí, níwájú àpótí gíláàsì tó ń sin ẹja òkun sí, èyí tó fi ń yangàn.

Inú ń bí Ìnsípẹ́kítọ̀ Adétóyìn burúkú. Níta, àwọn ará àdúgbò ti de Ògúnṣọlá, oníṣẹ́ gíláàsì tó bá a ṣe àpótí náà, mọ́ géètì. Wọ́n ti kó táyà sí i lọ́rùn.

"Gbuo ya!" ni wọ́n ń pariwo lédè Ìgbò, pé kí wọ́n pa á. "Burn am!"

Ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló dúró tì í. Ọkọ̀ àwọn tó kù ti há sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ní Upper Iweka.

"Kí ló dé tẹ́ ẹ fi mú un?" Adétóyìn bi Ọmọ́lábákẹ́, ìyàwó òkú.

"Ọjà ni mo ti dé, mà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ, mo rí omi lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ògúnṣọlá ni mo bá lórí ọkọ mi, ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ gbé e dìde ni. Àná lòun àti ọkọ mi sì jà!"

"Ìwọ ńkọ́?"

Adédayọ̀, àbúrò òkú, ló ń bá wí. Télọ̀ ni ní Okpoko, ó wá kí wọn, ó sì sùn mọ́jú. Ṣẹ́ẹ̀tì dúdú rẹ̀ hunjọ, nǹkan funfun sì yí apá ọ̀tún rẹ̀ po bí ògì tó gbẹ.

"Mi ò tíì wọ yàrá yìí láti àárọ̀, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ún, kẹ́jọ́ parí!"

Adétóyìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àpótí kejì wà nísàlẹ̀, níbi tí omi òkè ti ń wá dà kó lè mọ́. Koríko òkun hù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, láàárín òkúta. Ẹnìkan fa ìlà pupa sára gíláàsì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé INÁ LỌ.

"Ìlà kí nìyí?"

"Bíná bá lọ, pọ́ọ̀ǹpù á dúró, omi òkè á ya wálẹ̀," ni Ọmọ́lábákẹ́ fèsì. "Òun àti Ògúnṣọlá ṣírò ẹ̀ títí. Ibẹ̀ lomi máa ń dúró. Ojoojúmọ́ niná ń lọ, a ò nulẹ̀ rí."

"Kí ló wá dé tó kún jáde lónìí?"

Nǹkan kan ti gba àyè omi. Adétóyìn ki ọwọ́ bọ abẹ́ koríko. Òkúta gbogbo rí págunpàgun, àfi ọ̀kan tó ń dán. Ó fà á jáde. Ọmọ ọlọ ni, irun ṣì lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ògúnṣọlá ló fa ìlà yìí. Ìyàwó mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ò ní fi òkúta pamọ́ síbẹ̀." Ó di apá ṣẹ́ẹ̀tì Adédayọ̀ mú, ó fi ìka gbo ó, ó tọ́ ọ wò. "Iyọ̀."

"Òógùn ni, mà!"

"Òógùn apá kan ṣoṣo?"

Adédayọ̀ fò mọ́ ọn lọ́rùn. Adétóyìn fi kóńdó gbá a lẹ́nu, eyín méjì já, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de ọwọ́ rẹ̀ kan.

"Yàrá ìyá wa nìyí!" Adédayọ̀ tutọ́ ẹ̀jẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ń wá ibi tó máa gbé àpótí ìsàlẹ̀ sí, ló bá ní kí Màámi máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Okpoko. Wọn ò lè rìn! Àgbàrá bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n sì kú síbẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ó ń fẹja hàn mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní omi ìdọ̀tí lè pa àwọn ẹja náà. Mo lù ú títí ó fi dákẹ́."

Òórùn pẹtiróòlù wọlé. Adétóyìn wọ́ ọ sáré dé géètì, ó já táyà kúrò lọ́rùn Ògúnṣọlá, ẹni tó ti tọ̀ sára.

"Na dis one kill am!" ni Adétóyìn pariwo. "E don talk am with him own mouth!"

Àwọn èrò yíjú sí Adédayọ̀, tàwọn ti táyà. Adétóyìn de ojú kejì ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀.

"Oya. Make una burn two of us."

Ẹni tó mú ìṣáná wò ó títí, ó sì jù ú nù.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ fún wọn, mà," ni Adédayọ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Adétóyìn ń fà á lọ.