Ìlà Kan Tó Ṣófo

Ọwọ́ aago ara ògiri kan mẹ́wàá géérégé. Ìtẹ́olúwa mú bíìkì ìkọ̀wé pupa, ó gbé rúlà lé ìwé ńlá tó wà níwájú rẹ̀, ó fa ìlà sábẹ́ orúkọ tó kẹ́yìn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n máa fi òun nìkan sídìí ìwé náà. Kò fa ìlà pupa yẹn mọ́ orúkọ náà tímọ́tímọ́. Ó fo ìlà kan, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nílé-ìwé, kí iṣẹ́ lè mọ́ lójú. Kò mọ̀ pé àyè tó kéré bẹ́ẹ̀ lè gba èèyàn.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Láti Ṣábẹ̀ ló ti wá sí Parakou, oṣù kẹrin rèé, ó wá kọ́ṣẹ́ ní bírò, ọ́fíìsì kan tó ń bá ìjọba wá àwọn tí yóò máa kọ́ ẹlẹ́wọ̀n níṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n má baà jáde lọ́wọ́ òfìfo, kí wọ́n tún padà sídìí ohun tó gbé wọn débẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, aṣọ rírán ni, fún àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́wọ̀n. Oníṣẹ́ tó bá fẹ́ kọ́ wọn yóò kọ ohun tó lè ṣe sínú àpòòwé, yóò lẹ̀ ẹ́ pa, yóò gbé e wá kí aago mẹ́wàá tó lù. Ìtẹ́olúwa ni yóò kọ orúkọ rẹ̀ àti àkókò tó dé, kí àpòòwé tó wọ inú àpótí. Aago mẹ́wàá bá lù, ìlà pupa. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìyẹn, kó máa gbé tirẹ̀ lọ sílé.

"Ì báà jẹ́ ìyá mi," Ọ̀gá Akínyẹmí ti wí fún un. "Ìyá tó bí mi gan-an, kó máa lọ."

Ìṣẹ́jú mẹ́ta kọjá. Bàbá kan já wọlé, akoto alùpùpù ṣì wà lórí rẹ̀, òógùn bò ó. Bàbá Àbdùlmàjíìdì ni, aránṣọ kan láti Zongo.

"Ọmọ mi, táyà ló bẹ́ mọ́ mi lábẹ́ ní Ladjifarani. Títì ni mo ti alùpùpù náà débí."

"Ẹ kú wàhálà, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, àkókò ti kọjá."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta?"

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni, Bàbá. Ẹ má bínú." Tábìlì ló ń wò.

Bàbá náà wo aago. Ó wo ọmọ náà. Ó bọ́ akoto rẹ̀. "Ó dáa. Bí òfin bá ti mú èmi, kó ṣáà mú gbogbo ayé."

Ìtẹ́olúwa kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ìlà pupa, ó kọ "ó pẹ́" sí i. Bàbá kò lọ sílé. Ó ní gbangba ni wọ́n máa ń ṣí àpòòwé, òun fẹ́ gbọ́. Ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi ọ̀gànwó tó kọjú sí fèrèsé. Inú Ìtẹ́olúwa dùn díẹ̀. Ó ti ṣe é. Ó ti lè ṣe é.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún nígbà tí Tàǹtí Bọ́lánlé wọlé.

Kí n sọ ẹni tí Tàǹtí jẹ́. Oṣù méjì àkọ́kọ́ tí Ìtẹ́olúwa lò ní Parakou, bó bá ti kúrò ní bírò, kò tún sí ẹni tó máa pe orúkọ rẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Yàrá kan ló gbà ní Titirou. Èdè Bàrìbá ni àwọn onílé ń sọ, wọ́n á kí i, wọ́n á wọlé wọn. Ó máa ń tan rédíò sílẹ̀ kí ó ṣáà lè gbọ́ ohùn èèyàn. Orí ìdúró ló ti ń jẹun, nítorí kò rí ìdí tí ẹnì kan ṣoṣo fi gbọ́dọ̀ tẹ́ tábìlì. Àfi lọ́jọ́ Àìkú kan, ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí obìnrin kan yí padà sí i: "Ta ló ń sọ èdè ìyá mi lẹ́yìn mi yìí?" Ọmọ Ṣábẹ̀ ni òun náà, ó ní ìsọ̀ ìránṣọ. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ọjọ́ Àìkú, ilé Tàǹtí ni Ìtẹ́olúwa ti ń jẹ iyán pẹ̀lú wàrà díndín.

"Ìtẹ́ mi! Gbà, tètè sọ ọ́ sínú àpótí."

"Tàǹtí… àkókò ti lọ."

"Mo mọ̀. Iná ló lọ níbi tí wọ́n ti ń bá mi tẹ̀wé."

"Ọ̀gá sọ pé—"

"Ọ̀gá dà? Ṣé ó wà níbí?" Ó tẹrí wo ìwé ńlá náà. Ojú Tàǹtí mú, ojú aránṣọ ni. Ó fi èékánná tọ́ka. "Ibí yìí ṣófo."

Ìtẹ́olúwa fi rúlà bo ibẹ̀.

"Mi ò fún ẹ ní nǹkan kan, mi ò sì ní fún ẹ. Èmi kì í ṣe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń bi ẹ́ ni. Ṣé èmi náà lo máa lé bí ẹni tí o kò mọ̀ rí? Lọ́jọ́ Àìkú, ilé ta lo máa lọ?"

Ìbéèrè yẹn ló mú un. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni, ì bá kọ̀ ọ́, ìyá rẹ̀ tọ́ ọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ó rí yàrá rẹ̀, ó rí rédíò, ó rí abọ́ kan àti síbí kan. Ó mú bíìkì aláwọ̀ búlúù. Ó kọ ọ́: *Bọ́lánlé, ìsọ̀ ìránṣọ. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.* Orúkọ náà bá àyè náà mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n ọ́n. Àpòòwé wọ inú àpótí.

Nígbà tó gbójú sókè, Bàbá Àbdùlmàjíìdì ń wò ó láti orí bẹ́ǹṣì. Kò ranjú mọ́ ọn. Ó kàn ń wò ó ni.

Ní aago mẹ́wàá àbọ̀, wọ́n gbé àpótí lọ sí gbọ̀ngàn. Ọ̀gá Akínyẹmí buwọ́ lu ìwé, ó ṣí àpótí, ó pe orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó kan ẹni kẹrin, Bàbá Àbdùlmàjíìdì nawọ́.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, aago mélòó ni ìyẹn dé?"

Ọ̀gá wo ìwé. "Mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Bàbá."

Bàbá yí ojú sí Ìtẹ́olúwa. Ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń fún èèyàn láyè. Ìtẹ́olúwa ń ka táìlì ilẹ̀.

"Ẹ ṣeun," bàbá náà wí, ó sì jókòó.

Nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, Tàǹtí fi wàrà méjì kún tirẹ̀. "Ọmọ yìí mọ èèyàn!" ó ń sọ fún ọkọ rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Abraham. "Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí. Nígbà mìíràn, yóò máa tètè ta wá lólobó ohun tí àwọn tó kù kọ. Àbí, Ìtẹ́?"

"Ẹ jẹ́ kó jẹun," Abraham dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Obìnrin bírò, àbí o ti rí ọkọ nílùú yìí ni, tí iyán kò wọ ọ̀fun mọ́?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìtẹ́olúwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n iyán kò lọ. Láàárín èèyàn márùn-ún, ṣe ló dà bíi pé ó wà lójú fèrèsé níta, tó ń wo àwọn tó ń jẹun. Kò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí ní Titirou. Nínú yàrá yẹn, ó kéré tán, òun fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó wọlé tọ Ọ̀gá Akínyẹmí, ó sì jẹ́wọ́. Orí ìdúró ló wà. Ó gbàgbé láti kí i.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó fa ìwé ńlá náà sọ́dọ̀, ó wo ìlà yẹn pẹ́. "Mo ti buwọ́ lù ú," ó wí. Ẹ̀rù wà ní ohùn òun náà. "A máa pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Àpòòwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ yọ ẹni kẹrin nìkan…"

"Ìwé tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn báyìí, ta ló tún máa gbà á gbọ́? Oṣù kan àbọ̀ ló máa gbà wá, Ìtẹ́olúwa. Ìwọ náà, ọjọ́ Ẹtì ni iṣẹ́ rẹ parí níbí. Ṣùgbọ́n kí o tó lọ, wàá bá mi débì kan."

Kí ọjọ́ Ẹtì tó pé, Tàǹtí ti gbọ́, ó sì pè é lórí fóònù. Gbólóhùn kan ló sọ: "Ejò ni mo ń bọ́." Ó sì pa fóònù.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni Ọ̀gá mú un lọ, sí ẹ̀ka àwọn ọ̀dọ́. Àwọn mẹ́sàn-án jókòó sórí ẹní. Ọ̀kan nínú wọn, Hàníyyà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ti fi bébà gé àwòrán bùbá sílẹ̀, okùn ló fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀gá sọ fún wọn pé ẹ̀kọ́ aṣọ rírán kò ní bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ mọ́.

"Ìgbà wo wá ni?" Hàníyyà bi í.

"Bí oṣù kan àbọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí n jáde." Ó wo bébà ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé mo lè dúró?"

Ọ̀gá mi orí. "Wọn kì í dá èèyàn dúró lẹ́wọ̀n nítorí iṣẹ́ ọwọ́, ọmọ mi."

"Ta ló fà á?"

Ọ̀gá wolẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀.

"Èmi ni," Ìtẹ́olúwa wí.

Hàníyyà wò ó láti òkè délẹ̀. "Ìwọ? Kí nìdí?"

"Kí n má baà máa dá jẹun lọ́jọ́ Àìkú."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Hàníyyà ká bébà náà sí méjì, ó tún un ká. "Èmi, kí n má baà máa dá rìn ni mo ṣe tẹ̀ lé àwọn ọ̀rẹ́ mi lọ jalè. Àwọn tí o bá jẹun, ṣé wọ́n ṣì ń kí ẹ?"

"Rárá."

"Àwọn tèmi kò wá wò mí rí." Ó dìde, ó kó bébà rẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Kò dárí jì í. Kò sì bú u.

Ẹsẹ̀ ni Ìtẹ́olúwa fi rìn padà sí Titirou. Ó dá rìn. Lójú ọ̀nà ló ti yé e, ó sì yẹ kó yé ẹ̀yin náà tí ẹ ń kà á. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé èèyàn kò fẹ́ dá wà. Ebi ni, bí ebi oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tó bá ní kí o ṣèrú kí òun tó lè máa pè ọ́ jẹun, kò fún ọ ní àga nílé rẹ̀. Iṣẹ́ ló bẹ̀ ọ́. Ẹni tó sì máa san gbèsè èrú yẹn lè má jókòó nídìí oúnjẹ náà rárá. Ó lè jẹ́ ẹni tí o kò mọ̀, tó ti gé bùbá rẹ̀ sílẹ̀, tó ń ka ọjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.