Aṣọ Ìnuwọ́ Inú Apẹ̀rẹ̀

"Irú aṣọ wo nìyí?" Bàbá béèrè. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fún un wò, bó ṣe máa ń fún aṣọ oníbàárà wò kó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. "Ó rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Ẹ wo ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó hun èyí mọṣẹ́."

"Bàbá, ẹ kàn fi nuwọ́," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Bàbá fi nuwọ́. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí wọn lọ́wọ́ tán ni, ó sì ti gbé abọ́ omi lọ. Bàbá ká aṣọ náà dáadáa, igun bá igun mu, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún. Télọ̀ kúkú ni. Màmá mú tirẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, ó fi nu ọwọ́, ó sì fi tẹ òógùn ọrùn rẹ̀, ó ní ó tutù dáadáa.

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nìyẹn o. Bàbá ló fún un, nítorí kò sí ìbéèrè tí ẹ máa bi ọmọ yìí tí kò ní dáhùn. Bó bá mọ̀ ọ́n, á dáhùn. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ohùn rẹ̀ á tún wá le sí i. "Mi ò mọ̀" kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ rí, àfi bóyá nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ tí kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló kó wọn wá sí ilé oúnjẹ kan. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ iná mànàmáná ló fẹ́ fẹ́ ẹ. Oníwáyà ni gbogbo ilé ń pè é. Ará Etiópíà ni ìyá Oníwáyà, òun ló sì ni ilé oúnjẹ yìí. Ìyá yìí ti ń gbé láàárín wa tipẹ́, ó ń sọ èdè wa bí ẹni ń kọrin. Ó ní kí àwọn òbí ìyàwó wá jẹun lọ́dọ̀ òun kí òun tó sọ pé ó yá tàbí kò yá. Ẹ̀gbọ́n ò sùn dáadáa láti ìgbà náà. Ó pe àbúrò rẹ̀, ó ní: "Jọ̀ọ́, ọmọ Etiópíà kan wà ní kíláàsì rẹ. Bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń jẹ oúnjẹ wọn, ohun tí èèyàn ń ṣe àti ohun tí èèyàn kì í ṣe. Kí o wá kọ́ Bàbá àti Màmá. Má jẹ́ kí ojú tì mí."

"Mo ti mọ gbogbo ẹ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi dá a lóhùn.

Kí ló mọ̀? Ó wo àwòrán kan lórí fóònù. Ó rí àwo ńlá, ó rí ọbẹ̀ oríṣiríṣi, ó sì rí nǹkan rubutu aláwọ̀ eérú tí wọ́n ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, bí aṣọ ìnuwọ́ tí wọ́n máa ń ká sí ilé ìtura. Ó bá ní aṣọ ìnuwọ́ ni. Ó parí. Kó lọ bá ọmọ kíláàsì rẹ̀, kó sọ pé "ṣàlàyé fún mi"? Ó sàn kó jẹ òkúta.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wá jókòó sí kọ̀rọ̀ ilé oúnjẹ náà báyìí, ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ògiri lọ́wọ́ ọ̀tún, Bàbá lọ́wọ́ òsì bí ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, tábìlì sì fún un níkùn. Ẹ̀gbọ́n àti Oníwáyà wà ní kísìnnì, wọ́n ń bá ìyá ṣètò àwo. Ó ń wo ojú ilé kiri. Baba àgbàlagbà kan jókòó sí tábìlì kejì. Baba náà mú aṣọ ìnuwọ́ tirẹ̀, ó tú u, ó ya á, ó fi kó ọbẹ̀, ó gbé e mì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ní bóyá orí baba yẹn ò pé ni. Ó wo tábìlì kẹta. Ìyá ọlọ́mọ kan ń ya aṣọ ìnuwọ́ sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, ọmọ ń jẹ ẹ́, ó ń ju ẹsẹ̀.

Gbogbo ilé ló ń jẹ aṣọ ìnuwọ́!

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ dúró ná. Ọ̀nà àbáyọ ṣì wà nígbà yẹn. "Bàbá, mo ṣì í, mi ò béèrè." Tó bá sọ ìyẹn, wọn á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa sọ̀rọ̀, irọ́ mìíràn ló sọ.

"Ẹ jẹ́ n bá yín kó wọn kúrò. Wọn kì í fi sílẹ̀ bí wọ́n bá ti fi nuwọ́ tán."

Ó kó ti Bàbá, ó kó ti Màmá, ó kó èyí tó kù nínú apẹ̀rẹ̀, ó rọ gbogbo rẹ̀ sínú báàgì Màmá lábẹ́ tábìlì.

Kò pẹ́ ni wọ́n jáde. Oníwáyà àti Ẹ̀gbọ́n gbé àwo kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn fèrèsé, ìyá tẹ̀ lé wọn, ó ń fi etí aṣọ rẹ̀ nuwọ́. Nǹkan eléerú yẹn ni wọ́n tẹ́ sínú àwo, ọbẹ̀ pupa, ọbẹ̀ yẹ́lò àti ewébẹ̀ sì wà lórí rẹ̀ ní òkìtì òkìtì. Àwo kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ìyá wo apẹ̀rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́.

"Apẹ̀rẹ̀ ti ṣófo! Àlejò tí kì í tijú ni mo fẹ́ràn."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ò yé e, ó kàn fẹ́ jẹ́ ọmọlúàbí. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìyá ti ya lára ohun tó wà nínú àwo, ó fi di ọbẹ̀, ó na ọwọ́ sí i lẹ́nu.

Ojú Bàbá là. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ọ̀jọ̀gbọ́n, èyí ńkọ́? Ṣé wọ́n ń gbà á?"

Kò mọ̀. Ó kàn mi orí: rárá.

Bàbá fà sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ ṣeun o, ìyá. Ẹ máa jẹ ẹ́ fúnra yín."

Ọwọ́ ìyá dúró sí òfuurufú. Lẹ́yìn náà ó gbé òkèlè náà padà sínú àwo, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Kò burú," ló wí. "Bóyá ọwọ́ mi ò mọ́ tó lójú yín."

"Bàbá!" Omi ti dé ojú Ẹ̀gbọ́n. "Gúrúṣà ni wọ́n ń pè é! Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ràn ni wọ́n ń fi ọwọ́ fún jẹ. Ṣé ọmọ yìí ò sọ fún yín ni? Ìwọ, ṣé o béèrè àbí o ò béèrè?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo òsì, Bàbá. Ó wo ọ̀tún, ògiri.

Màmá ò fẹ́ kí Ẹ̀gbọ́n sunkún níwájú àna. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó fa nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ kan yọ, ó nà án sí i. "Gbà, nu ojú rẹ."

Ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ nǹkan náà.

"Màmá," Ẹ̀gbọ́n sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, "kí ni ìnjẹ́rà ń ṣe nínú báàgì yín?"

"Ta ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Aṣọ ìnuwọ́ wọn nìyí."

Oníwáyà fi ikọ́ bo ẹ̀rín, ó yára tẹ orí ba. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e rẹ́rìn-ín.

"Mi ò mọ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

"Kí lo wí?"

"Mi ò mọ̀, mi ò sì béèrè. Èmi ni mo ní aṣọ ìnuwọ́ ni. Èmi ni mo kó o pamọ́. Èmi náà ni mo ní kí Bàbá má gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, mà, Bàbá ò kọ̀ yín."

Ìyá tẹjú mọ́ ọn. "O kó oúnjẹ mi pamọ́. Nítorí kí ni?"

"Kí wọ́n má baà mọ̀ pé mi ò mọ̀."

Bàbá gba báàgì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó wá èyí tó ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tú u, ó ya á, ó fi kó ọbẹ̀ pupa, ó jẹ ẹ́. Wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń jẹ.

"Ìyá, ọwọ́ tí ẹ ní kí wọ́n bu omi sí ni mo fi í nù. Ó mọ́." Ó gbé e mì. "Ó kan díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe dùn tó, bí mo bá fi rán ṣòkòtò, oníbàárà á jẹ ẹ́ kó tó délé." Ó wá na ọrùn síwájú bí ọmọdé, ó yanu. "Òkèlè ẹ̀ẹ̀kan yẹn ńkọ́? Àbí ó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?"

Ìyá gbìyànjú láti lejú, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó ṣe òkèlè tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó kì í bọ Bàbá lẹ́nu tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi yọ síta. Ó fún Màmá. Ó fún Ẹ̀gbọ́n, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu omijé rẹ̀, ó pè é ní ọmọ mi. Nígbà tó kan Ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọ náà ti yanu sílẹ̀. Ọwọ́ ìyá kọjá lọ sọ́dọ̀ Oníwáyà.

"Ìwọ, fi ọwọ́ ara rẹ jẹ," ló wí. "Wá sí kísìnnì mi ní Sátidé. Bí o bá ti béèrè gbogbo ohun tí o kò mọ̀ tán, màá fún ọ."

Ọ̀jọ̀gbọ́n jẹun ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, lẹ́tí àwo. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé, àti lẹ́yìn ìyẹn pàápàá.

Ní Sátidé, ó lọ. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà kísìnnì, ètè rẹ̀ wúwo bí irin. Ó béèrè irú ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ń ṣe ìnjẹ́rà. Ó béèrè ìdí tó fi ń kan, ìyá ní àwọn máa ń fi sílẹ̀ kó wú ni. Ó béèrè ibi tí ihò wẹ́wẹ́ yẹn ti ń wá, ìyá fà á sún mọ́ àwo gbígbóná, ó fi bí atẹ́gùn ṣe ń tú jáde hàn án. Nígbà tó yá, ìbéèrè ń lé ìbéèrè lẹ́nu rẹ̀. Àárín ọ̀kan nínú wọn ni òkèlè ìyá bá a lẹ́nu lójijì. Ó kàn ń jẹ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá ṣì ń pè é ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bó bá ti fẹ́ dáhùn nǹkan báyìí, Bàbá á gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, á wò ó: "Ṣé o mọ̀ ọ́n ni, àbí o rò ó ni?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ bi ara yín bẹ́ẹ̀ náà kí ẹ tó lanu. Ẹni tó bá sọ pé òun ò mọ̀, ojú lè tì í díẹ̀. Ẹni tó bá díbọ́n pé òun mọ̀, ojú àwọn tó gbà á gbọ́ ló máa kọ́kọ́ tì.